Iná Táyà Tó Ń Tàn Nínú Ọkọ̀ Yín: Ẹ Má Fi Téèpù Bò Ó

Ẹ wọ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó bá wù yín nílùú Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kí ẹ bojú wo dáṣíbọọ̀dù rẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí ẹ fi máa rí iná yẹ́lò kékeré kan tó rí bí ìkòkò tí kò ní ìdérí, tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Ẹ wá bi dẹ́rẹ́bà pé kí ni iná yẹn ń sọ. Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́: "Kò sí nǹkan kan jàre, sẹ́ńsọ̀ ni." Ìkejì: "Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rà á." Ìkẹta ló burú jù: "Iná wo?" Ẹni tó bá dáhùn báyìí lè má purọ́ o. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ta ọkọ̀ fún un ti fi téèpù dúdú bo iná náà, tàbí kó ti yọ gílóòbù rẹ̀ sọnù pátápátá.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú yín, pàápàá lásìkò tí owó epo ń pọ̀ sí i tí ọ̀nà kò sì dára. Àmọ́ táyà nìkan ni nǹkan tó fara kan ilẹ̀ lára ọkọ̀. Bíréèkì tó dára jù lọ láyé kò lè dá ọkọ̀ dúró tí táyà bá ti bẹ́. Èrò tèmi rèé, n kò sì ní í fi bọpo bọyọ̀: ẹni tó bá pa iná ìkìlọ̀ láì wá ìdí tó fi tàn kò tún ọkọ̀ ṣe, ńṣe ló kàn pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíì, jìbìtì ló lù.

Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló bí iná yìí

Kì í ṣe pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kàn fẹ́ kí dáṣíbọọ̀dù wọn rẹwà ni wọ́n ṣe fi iná yẹn síbẹ̀. Ní August 2000, ilé iṣẹ́ Firestone kéde ní Amẹ́ríkà pé òun ń gba táyà bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ padà. Ara ọkọ̀ Ford Explorer ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn táyà náà wà. Lórí eré, awọ òkè táyà á bó kúrò, ọkọ̀ á sì gbókìtì. Èèyàn tó lé ní 200 ló kú. Ọ̀kan nínú ohun tí Ford àti Firestone jọ fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà. Ford ti ní kí àwọn oníbàárà máa fẹ́ ẹ sí géèjì 26, Firestone ní ó kéré jù.

Kí ọdún yẹn tó parí, ní November 1, Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lu òfin kan tí wọ́n ń pè ní TREAD Act. Òfin náà ló pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ tó máa kìlọ̀ fún awakọ̀ tí afẹ́fẹ́ táyà bá ti dín kù jù. Nígbà tó fi máa di September 2007, ó ti di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Yúróòpù náà gbé òfin tiwọn jáde. Láti November 2014, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá máa tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in.

Ìdí nìyẹn tí Corolla, Camry tàbí RX 350 ọdún 2008 sókè tó bá ti Amẹ́ríkà wá, yálà etíkun Tin Can ló gbà wọlé tàbí ó gba Kútọnu kọjá, fi ní ẹ̀rọ náà. Òfin tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì mú wá, ọ̀fẹ́ ló bá ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa wá fi téèpù náírà mélòó kan bò ó.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iná náà ń sá fún. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bó ṣe ń yí lórí títì, ẹ̀gbẹ́ yẹn ń ká, ó ń nà, ó ń ká, ó ń nà, ooru sì ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹ wá fi oòrùn ọ̀sán ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kún un, kí ẹ fi èrò márùn-ún kún un, kí ẹ fi àpò gaàrí àti ìrẹsì inú búùtù kún un, kí eré wá wọ 120. Táyà yẹn á bẹ́. Tí wọ́n bá wá gbé ìròyìn rẹ̀, wọ́n á ní "eré àsápajúdé" ló fà á. Ó lè jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́.

Ohun tó tún jẹ́ kó léwu ni pé ojú lásán kì í rí i. Táyà ìgbàlódé lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó ṣì dúró bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni òfin Amẹ́ríkà fi ààlà sí: tí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ohun tí ilé iṣẹ́ kọ, iná gbọ́dọ̀ tàn. Tí wọ́n bá kọ 32, ó yẹ kí iná tàn tó bá ti já sí 24. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: nígbà tí iná yẹn bá fi máa tàn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "mà á wò ó tó bá di ọ̀la."

Iná yìí ní èdè tó ń sọ

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, tí wọ́n bá ti rí iná yìí, "sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́" ló kọ́kọ́ máa ń ti ẹnu wọn jáde. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ iná náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìyàtọ̀ fún wa, tí a bá fara balẹ̀ wò ó.

Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ṣáná sí ọkọ̀ ló tàn, tí kò ṣẹ́jú, tó kàn dúró gbọin, táyà ló ń sọ nípa rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti dín kù nínú ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kó tó wá dúró gbọin, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ojú mi ti fọ́, n kò rí táyà mọ́." Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá pe èkíní ní èkejì á máa wa táyà tó ń jò kiri, á sì máa tan ara rẹ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ni.

Torí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí sẹ́ńsọ̀, géèjì ló kàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ẹ wo ara irin tí ilẹ̀kùn náà máa ń pa dé mọ́. Bébà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn sí. Ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà kọ́ o. Ìyẹn ń sọ ibi tí agbára táyà náà mọ, kò sọ ohun tí ọkọ̀ yín nílò. Fọganáísà tó bá sì ní "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fẹ́ ẹ sí 45 kó lè pẹ́," ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní 32 tàbí 35 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ẹ fẹ́. Táyà tó le jù kì í di ilẹ̀ mú dáadáa.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọn táyà, kí ọkọ̀ tó rìn. Tó bá ti sáré, ooru á mú kí géèjì gòkè, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti tó. Bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi díìgírì márùn-ún ààbọ̀ tutù sí i, géèjì máa ń fi bíi ookan wálẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí iná yìí fi máa ń tàn fún àwọn kan láàárọ̀ ọyẹ́ tó sì máa ń kú tó bá di ọ̀sán. Wọ́n á ní ọkọ̀ ti ń ṣe wèrè. Kò ṣe wèrè rárá. Eteetí ni afẹ́fẹ́ táyà wọn wà, òtútù ọyẹ́ ló kàn tì í wọlé.

Ẹ má gbàgbé sípéà o. Àwọn Toyota àti Lexus kan ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà sípéà náà. Èèyàn lè fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kí iná ṣì máa tàn, torí èyí tó wà ní ìdí búùtù, tí ẹnikẹ́ni kò wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀, ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

Bọ́tìnì SET: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ ní irọ́

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹ́ táyà tán, àwọn ọkọ̀ kan á pa iná náà fúnra wọn tí ẹ bá wà wọ́n díẹ̀. Àwọn míì ní bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ SET sí, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù nítòsí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà tàbí nínú àpótí tó wà níwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná á fi ṣẹ́jú.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ohun tí bọ́tìnì yẹn ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ọkọ̀ pé, "Bí táyà ṣe wà báyìí ló ṣe yẹ kó wà. Èyí ni kí o máa fi wọ̀n." Tí mẹkáníìkì bá wá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà wà ní 22, ọkọ̀ á gbà pé 22 ló tọ́. Iná á kú. Oníbàárà á san owó, á dúpẹ́, á sì gbéra lọ sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú táyà tó lè bẹ́ nígbàkígbà. Téèpù kọ́ ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni téèpù àti bọ́tìnì jọ ṣe. Géèjì ní àkọ́kọ́, SET lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà fún yín.

Tó bá wá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ lóòótọ́ ńkọ́?

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́, sẹ́ńsọ̀ wà nínú táyà gan-an, lára fáàfù tí a ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì ń fi rédíò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bátìrì kékeré ló ń lò, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ló sì máa ń lò kó tó kú. Inú rẹ̀ ni wọ́n lẹ bátìrì náà pa mọ́, a kì í pààrọ̀ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ lódindi ni èèyàn máa rà. Ẹ wá ṣe ìṣirò ọkọ̀ ọdún 2010 tí ẹ rà. Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé bátìrì rẹ̀ ti kú. Tí ọ̀kan bá sì ti kú nítorí ọjọ́ orí, àwọn yòókù kò jìnnà sí i, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀.

Ikú bátìrì nìkan kọ́ ló ń pa á. Fọganáísà tó bá ki irin bọ táyà láti yọ ọ́, tó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ fáàfù, á fọ́ sẹ́ńsọ̀ yángá. Oje tí wọ́n ń rọ sínú táyà kó lè dí ihò lè lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó lọ ra ríìmù tòkunbọ̀ ní Ládípò lè bá sẹ́ńsọ̀ ẹlòmíì nínú rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí 315 MHz, ti Yúróòpù lórí 433 MHz. Ẹ fi ti Yúróòpù sínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ó dà bí ẹni tó ń sọ Hausa fún ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Ohùn ń jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tó kú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni irinṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé e sún mọ́ fáàfù táyà kọ̀ọ̀kan, á jí sẹ́ńsọ̀, á sì fi nọ́ńbà rẹ̀, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀ àti bí bátìrì rẹ̀ ṣe wà hàn. Ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fi ń ka iná ẹ́ńjìnnì lórí fóònù, kì í sábà lè ṣe èyí. Tí oníṣẹ́ rìwáyà kan bá ní òun máa tún sẹ́ńsọ̀ táyà yín ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé ẹ ní irinṣẹ́ táyà?" Tí kò bá ní in, àfọ̀ṣẹ ló fẹ́ ṣe, owó yín ló sì máa fi dífá. Tí wọ́n bá fi tuntun sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ han kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná ṣì máa ṣẹ́jú.

Oríṣi kejì kò ní sẹ́ńsọ̀ kankan nínú táyà. Ọ̀pọ̀ Honda tó jáde láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn àti ọ̀pọ̀ Volkswagen ló ń lò ó. Ẹ̀rọ bíréèkì ABS ló ń ka iye ìgbà tí táyà kọ̀ọ̀kan yí. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín kù máa ń kéré díẹ̀, ó sì ń yí kánkán ju àwọn yòókù lọ. Lórí irú ọkọ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa ta sẹ́ńsọ̀ táyà fún yín, ẹ tètè gba kọ́kọ́rọ́ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí iná ABS bá bá iná táyà tàn pọ̀, ọ̀dọ̀ ABS ni kí ẹ wá àrùn náà lọ. Tó bá sì jẹ́ táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn kò bára mu ni ẹ kó sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yin ẹ kó ìdààmú bá ẹ̀rọ náà.

Kí ni òfin wí?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ n padà sídìí ohun tí mo kà níwèé. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń rajà ni kó la ojú rẹ̀." Òótọ́ ni, òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà bẹ́ẹ̀ dé àyè kan. Tí olùtà bá kàn dákẹ́, dídákẹ́ lásán kì í sábà di ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn dákẹ́ àti kí ó bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1813, ẹjọ́ kan wáyé ní England tí wọ́n ń pè ní Schneider v Heath. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n tà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo àléébù rẹ̀ ni olùrà gbà mọ́ ọn. Ìdí ọkọ̀ náà ti jẹrà. Kí wọ́n tó tà á, wọ́n gbé e kúrò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n tì í sínú omi kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ìdí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ "gbogbo àléébù" tí wọ́n kọ yẹn kò lè gbà wọ́n, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bo àléébù náà ni. Ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàtọ̀ láàárín omi tó bo ìdí ọkọ̀ yẹn àti téèpù dúdú tó bo iná táyà? Lójú tèmi, kò sí. Ẹni tó kọ "a kì í dá owó padà" sára rìsíìtì, kó má rò pé ọ̀rọ̀ yẹn lè bo jìbìtì mọ́lẹ̀.

Ẹjọ́ kejì wà fún ẹ̀yin olùrà, kò sì dùn gbọ́. Ní 1862, nínú Horsfall v Thomas, wọ́n ta ìbọn ńlá kan tí àléébù wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi irin dí ojú ibẹ̀. Ìbọn náà fọ́ nígbà tí wọ́n ń lò ó. Àmọ́ olùrà kò yẹ ìbọn náà wò rárá kó tó gbà á. Ilé ẹjọ́ ní tí kò bá wò ó, a jẹ́ pé irin tí wọ́n fi dí i kọ́ ló tàn án jẹ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn kedere: òfin lè gbèjà ẹni tó wò tí wọ́n tàn jẹ, ó ṣòro kó gbèjà ẹni tí kò wò rárá. Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́.

Nílé níbí, òfin FCCPA ti ọdún 2018 kọ̀ fún oníṣòwò láti fi irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn polówó ọjà fún oníbàárà, àjọ FCCPC sì wà fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àjọ, ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní nǹkan kan. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹ́ńjìnnì má tíì jí. Gbogbo iná ìkìlọ̀ ló yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kú: ti ẹ́ńjìnnì, ti ABS, ti àpò afẹ́fẹ́, àti ti táyà. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà 2008 sókè, tí iná táyà kò sì tàn rárá, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Ẹ fi fóònù yín ya fídíò ìdánwò yẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá wá di ẹjọ́ lọ́la, ẹ̀rí yín nìyẹn pé ẹ wò.

"Owó dà?"

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin wọ́n, pé ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe Bolt kó tó jẹun kò lè máa wá sẹ́ńsọ̀ kiri. Mo gbà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi owó ilé ìwé ọmọ ra sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kọ́ ni ẹ̀mí yín so mọ́, afẹ́fẹ́ inú táyà ni. Ẹni tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú, kó ra géèjì tirẹ̀, kó fi sínú ọkọ̀, kó máa wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti sípéà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì tún wọ̀n wọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn. Kó fi iná náà sílẹ̀ kó máa tàn, kó lè máa rán an létí pé ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà báyìí. Tó bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà, kó sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Kí ló tún ṣòro níbẹ̀?

Àwọn míì á ní àwọn bàbá wa wa Peugeot 504 láti Èkó dé Kánò láì sí iná kankan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà àtijọ́ tó mọṣẹ́ kì í gbéra láì wo omi, ọ́ìlì àti táyà. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Àwa ti ju àṣà wọn nù, a tún fẹ́ ju iná tó rọ́pò rẹ̀ nù. Kí ló wá kù wá kù?

Kí ẹ má sì rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń hu ìwà yìí. Ní Amẹ́ríkà níbi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa ń kó sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páìpù PVC, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á sì jù ú sí búùtù. Ọkọ̀ á máa rò pé táyà dára, páìpù ló ń wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, òfin kọ̀ fún ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì láti mọ̀ọ́mọ̀ sọ ẹ̀rọ ààbò inú ọkọ̀ oníbàárà di aláìlágbára. Ní UK, ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ lò láti January 2012, tí ẹ̀rọ táyà rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kò ní í yege nínú ìdánwò MOT. Níbí ńkọ́? A ń san owó pátíkúlà lọ́dọọdún, ìwé sì ń jáde.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn VIO tó bá ń yẹ ọkọ̀ wò ní kí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́ sí ON níwájú wọn, kí wọ́n ka àwọn iná tó tàn. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó, kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí àjọ FRSC tó máa ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa táyà tó ti gbó fi géèjì kún ìwàásù wọn nínú gáréèjì. Kí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé iná ìkìlọ̀ báyìí báyìí ló ń tàn lọ́jọ́ tí a tà á. Kí ẹgbẹ́ àwọn fọganáísà sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn pé ọ̀dọ̀ fáàfù kọ́ ni a ti ń ki irin bọ táyà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ elòmíì lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin náà ní ẹnu. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ tó fẹ́ gba ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ rí iná yẹn, ẹ bi dẹ́rẹ́bà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ wọn táyà kẹ́yìn?" Kò ní í bínú tó bá ti wọ̀n ọ́n. Tó bá sì bínú, ẹ ti rí ìdáhùn yín gbà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.